Moses Fleetwood Walker, ahánbọ́ọ̀lù ọdún 1884: ìbéèrè àti ìdáhùn

Ojú ìwé yìí wà fún ẹni tó mọ Jackie Robinson lórúkọ, tó wá gbọ́ pé aláwọ̀ dúdú kan ti gbá bésíbọ́ọ̀lù láàárín àwọn òyìnbó ní líìgì àgbà ní ọdún 63 ṣáájú rẹ̀, tó sì fẹ́ mọ bọ́rọ̀ ṣe jẹ́. Ẹni tí kò wo eré náà rí lè bá wa lọ. Ẹ má kàn fo ìdáhùn kejì àti ìkẹta, nítorí ẹni tí kò bá mọ iṣẹ́ tí ọwọ́ Walker ń ṣe, ìyókù ìtàn náà kò ní í yé e.

Ta ni Moses Fleetwood Walker?

Ọmọ Amẹ́ríkà ni. Mount Pleasant, ìlú kékeré kan ní ìpínlẹ̀ Ohio, ni wọ́n bí i sí ní ọjọ́ 7 oṣù Kẹwàá ọdún 1856. Fleet ni wọ́n ń fi orúkọ rẹ̀ gé kúrú. Ní ọdún 1884 ó gbá ìdíje 42 fún Toledo Blue Stockings nínú American Association, ọ̀kan lára àwọn líìgì àgbà ìgbà náà, kò sì fi àwọ̀ rẹ̀ pamọ́ fún ẹnikẹ́ni. Lẹ́yìn òun àti àbúrò rẹ̀, Weldy, aláwọ̀ dúdú kankan kò tún wọ líìgì àgbà ní gbangba títí di ọjọ́ 15 oṣù Kẹrin ọdún 1947, tí Robinson bọ́ sórí pápá fún Brooklyn Dodgers. Cleveland ni Walker kú sí, ní ọjọ́ 11 oṣù Karùn-ún ọdún 1924, ẹni ọdún 67.

Kí ni iṣẹ́ ahánbọ́ọ̀lù gan-an?

Ẹ fojú inú wo igun mẹ́rin tí wọ́n fà sórí pápá. Alubọ́ọ̀lù dúró ní igun kan pẹ̀lú igi lọ́wọ́. Ajubọ́ọ̀lù dojú kọ ọ́ láti àárín, ó ń ju bọ́ọ̀lù kan tó le, tí kò tóbi ju ọsàn lọ, bọ̀ wá bá a. Bí igi bá bà á dáadáa, alubọ́ọ̀lù á sáré yí igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ká. Bó bá tàsé, ẹnì kan gbọ́dọ̀ wà lẹ́yìn rẹ̀ tí yóò hán bọ́ọ̀lù ọ̀hún kó tó kọjá. Ẹni yẹn là ń pè ní ahánbọ́ọ̀lù.

Iṣẹ́ rẹ̀ kò mọ síbẹ̀. Òun ló ń fi ìka ṣe àmì fún ajubọ́ọ̀lù, bóyá kó ju èyí tó yára tí ń lọ tààrà, tàbí èyí tó máa ń rọ́ kọ́rọ́ lójú ọ̀nà. Bí alátakò bá wà ní igun kìíní, tó fẹ́ yọ́ sá lọ sí ìkejì, ahánbọ́ọ̀lù ló máa dìde wùyà, tí á sọ bọ́ọ̀lù já sí igun kejì kí onítọ̀hún tó débẹ̀. Nínú gbogbo ẹgbẹ́, òun nìkan ni ojú rẹ̀ kọ sí gbogbo pápá. Nítorí náà, aṣiwèrè kì í ṣe é.

Ní ayé Walker, ẹsẹ̀ bàtà 50 ló wà láti iwájú àpótí tí wọ́n fà sílẹ̀ fún ajubọ́ọ̀lù dé ọ̀dọ̀ alubọ́ọ̀lù. Ọdún 1893 ni wọ́n tó sún un sẹ́yìn sí ẹsẹ̀ bàtà 60 àti íǹṣì 6, bó ṣe wà títí dòní. Bí kò bá sí alátakò ní igun kankan, ahánbọ́ọ̀lù á dúró jìnnà sẹ́yìn, á jẹ́ kí bọ́ọ̀lù ta nílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan kó tó mú un. Bí ẹnì kan bá ti wà ní igun, tàbí tó bá ku ìtàsé kan péré kí alubọ́ọ̀lù kúrò lójú pápá, dandan ni kó sún wá sábẹ́ igi. Ibẹ̀ gan-an ni ìyà wà. Bọ́ọ̀lù tí etí igi bá fi díẹ̀ kàn á yà kúrò lójú ọ̀nà lójijì, ọwọ́ tó ti là sílẹ̀ de èyí tó ń bọ̀ tààrà á sì fi orí ìka gbà á.

Ìbọ̀wọ́ wo ló ń lò?

Ẹ gbàgbé èyí tí ẹ ń rí lórí tẹlifíṣọ̀n. Ìbọ̀wọ́ gbàǹgbà tó dà bí ìrọ̀rí kò tíì dé. Èyí tí àwọn ahánbọ́ọ̀lù ń lò nígbà náà jẹ́ awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Wọ́n gé orí ìka rẹ̀ kúrò kí ìka lè di bọ́ọ̀lù mú, wọ́n sì rọ nǹkan díẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. Ọwọ́ méjèèjì ni wọ́n fi ń hán bọ́ọ̀lù. Walker a máa wọ irú rẹ̀ nígbà mìíràn, nígbà mìíràn ọwọ́ lásán ni. Ìbòjú onírin ti wà, Fred Thayer ti Yunifásítì Harvard ló gba ìwé ẹ̀tọ́ lórí rẹ̀ ní 1878. Àbò àyà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọ̀ ọjà ni.

Ohun tó sábà máa ń ṣẹlẹ̀ sí ọwọ́ nìyí: oríkèé ìka á yẹ̀, èékánná á ṣí, egungun ìka á sán, àtẹ́lẹwọ́ á wú bí ẹ̀kọ. Ẹni tó hán bọ́ọ̀lù lónìí lè má lè gba ṣíbí mú lọ́la. Ìdí nìyẹn tí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan fi ń ní ahánbọ́ọ̀lù méjì sí mẹ́ta tí wọ́n ń gbapò lọ́wọ́ ara wọn. Bí ẹ bá wá rí i pé ìdíje 42 ni Walker gbá nígbà tí Toledo gbá ju 100 lọ, ẹ má tètè sọ pé wọ́n pa á tì ni. Láàárín àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ nídìí iṣẹ́ náà, 42 kì í ṣe iṣẹ́ ọ̀lẹ.

Ṣé ọmọ ẹrú ni?

Rárá. Ohio kì í ṣe ilẹ̀ ẹrú. Àwọn ará Quaker, ìjọ tó kórìíra òwò ẹrú, pọ̀ ní Mount Pleasant, ìlú náà sì jẹ́ ọ̀kan lára ibi tí àwọn tó sá kúrò ní gúúsù máa ń gbà kọjá. Odò Ohio ló pààlà láàárín agbègbè yẹn àti Virginia, níbi tí wọ́n ti ń ta èèyàn. Bàbá rẹ̀ jẹ́ dókítà ní Steubenville, ó sì tún ń wàásù nínú ìjọ Mẹ́tọ́díìsì. Ilé ìwé ni ilé wọn. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn òyìnbó tí Walker bá gbá bọ́ọ̀lù kò kàwé tó o, ó sì ṣeé ṣe kí èyí wà lára ohun tó ń bí wọn nínú.

Báwo ló ṣe dé ìdí bésíbọ́ọ̀lù?

Ìwé ló bá lọ. Ó wọ Kọ́lẹ́ẹ̀jì Oberlin ní 1878. Láti 1835 ni ilé ẹ̀kọ́ náà ti ń gba aláwọ̀ dúdú wọlé. Máàkì rẹ̀ dára nígbà tó bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n bí bọ́ọ̀lù ṣe ń wọ̀ ọ́ lẹ́jẹ̀ ló ń pa kíláàsì jẹ. Ní 1881 Oberlin kó ẹgbẹ́ tó ń bá ilé ẹ̀kọ́ mìíràn díje jọ fún ìgbà àkọ́kọ́. Walker ni ahánbọ́ọ̀lù, Weldy náà sì wà níbẹ̀. Wọ́n na Yunifásítì Michigan, ni àwọn ará Michigan bá ní kó máa bọ̀ lọ́dọ̀ àwọn. Ó lọ, ó ń kẹ́kọ̀ọ́ òfin, ó gbá bọ́ọ̀lù fún wọn ní 1882. Kò gba oyè jáde ní èyíkéyìí nínú méjèèjì.

Kí ló ṣẹlẹ̀ ní Louisville ní 1881?

Èyí ni a ka sí ìbẹ̀rẹ̀ ohun gbogbo, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn ènìyàn kì í sábà mẹ́nu kàn án.

Nínú oṣù Kẹjọ, ẹgbẹ́ kan ní Cleveland tó jẹ́ ti ilé iṣẹ́ ẹ̀rọ ìránṣọ White háyà Walker, wọ́n sì gbéra lọ sí Louisville ní Kentucky láti bá ẹgbẹ́ Eclipse díje. Àwọn Eclipse ní àwọn kò ní í bá aláwọ̀ dúdú ṣeré. Cleveland gbà, wọ́n fi ẹlòmíràn sí ìdí igi. Ìníngì kan péré, ìyẹn ìpín kan nínú mẹ́sàn-án tí wọ́n pín eré sí, ni onítọ̀hún lò, ọwọ́ rẹ̀ ti wú, ó ní òun kò lè ṣe mọ́. Ni àwọn òǹwòran, tí wọ́n jẹ́ òyìnbó Louisville, bá ń pariwo pé kí Walker bọ́ síta. Walker bọ́ síta lóòótọ́, ó bọ́ kóòtù rẹ̀, ó hán bọ́ọ̀lù díẹ̀ láti fi na ara. Bí àwọn èrò ṣe ń pàtẹ́wọ́ ni àwọn agbábọ́ọ̀lù Eclipse méjì dìde, wọ́n fi pápá sílẹ̀. Walker náà kúrò. Ẹni tó ń ṣọ́ igun kẹta fún Cleveland ló wá hán bọ́ọ̀lù títí eré fi parí, wọ́n sì pàdánù, 6 sí 3.

Ẹ kíyè sí i pé àwọn tó sanwó wọlé fẹ́ ẹ. Àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ kan náà ni kò fẹ́ ẹ. Bẹ́ẹ̀ náà ló ṣe máa rí lẹ́yìn ìgbà náà.

Ṣé òótọ́ ni pé Cap Anson kọ̀ láti bá a gbá?

Ó kọ̀, ó sì gbá. Adrian Anson ni ọ̀gá àti kápútéènì Chicago White Stockings, kò sì sí agbábọ́ọ̀lù tí orúkọ rẹ̀ ròkè tó tirẹ̀ nígbà náà. Ọjọ́ 10 oṣù Kẹjọ ọdún 1883, Chicago wá sí Toledo fún ìdíje ọ̀rẹ́. Toledo ṣì wà ní Northwestern League, líìgì kékeré kan, nígbà yẹn. Ọwọ́ ń dun Walker lọ́jọ́ náà, wọn kò tilẹ̀ fẹ́ fi í sínú eré. Anson kàn ránṣẹ́ pé ẹgbẹ́ òun kò ní í bọ́ síta bí aláwọ̀ dúdú bá wà níbẹ̀. Inú bí Charlie Morton, ọ̀gá ẹgbẹ́ Toledo. Ó mú Walker tó ń sinmi, ó fi í sí apá ọ̀tún ẹ̀yìn pápá níbi tí ọwọ́ kò ti ní í fi bẹ́ẹ̀ ṣiṣẹ́, ó wá sọ fún Anson pé bí wọn kò bá gbá, kí wọ́n gbàgbé ìpín tiwọn nínú owó géètì. Owó sọ̀rọ̀, Anson gbá. Chicago borí, 7 sí 6, lẹ́yìn ìníngì 10.

Nínú oṣù Kẹta ọdún yẹn kan náà, aṣojú ẹgbẹ́ Peoria ti dá a lábàá níbi ìpàdé líìgì pé kí wọ́n má gba aláwọ̀ dúdú mọ́. Wọ́n jiyàn lé e lórí, àbá náà sì ṣubú. Toledo ló gba ife ẹ̀yẹ líìgì náà nígbà tí ọdún parí.

Ṣé ó mọ̀ ọ́n gbá, àbí torí àwọ̀ rẹ̀ nìkan la ṣe ń dárúkọ rẹ̀?

Ó mọ̀ ọ́n gbá. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ní 1884 ó lu bọ́ọ̀lù ní ìgbà 152, ó sì fi 40 nínú rẹ̀ dé igun láìséwu. Ẹ pín 40 sí ọ̀nà 152: .263 ni yóò jẹ́, ìyẹn bíi ẹ̀ẹ̀mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n nínú ọgọ́rùn-ún. Agbedeméjì líìgì náà lọ́dún yẹn kò ju nǹkan bíi .240 lọ. Ahánbọ́ọ̀lù tí ọwọ́ rẹ̀ ń wú lójoojúmọ́ tó sì ju agbedeméjì lọ, èyí kì í ṣe kékeré.

Ọjọ́ àkọ́kọ́ rẹ̀ kò dára rárá o. Ọjọ́ 1 oṣù Karùn-ún ni, ní Louisville, lọ́dọ̀ àwọn Eclipse kan náà tí wọ́n lé e ní 1881. Ó ṣe àṣìṣe mẹ́rin, kò lu bọ́ọ̀lù kankan dé igun nínú mẹ́ta tó gbìyànjú, Toledo sì pàdánù, 5 sí 1. Bí ẹnì kan bá fi ìdíje yẹn nìkan ṣèdájọ́ rẹ̀, àìmọ̀kan ni.

Kí ni ọ̀rọ̀ Tony Mullane yìí?

Mullane ni ajubọ́ọ̀lù Toledo, àrà ọ̀tọ̀ ẹ̀dá. Ó lè fi ọwọ́ ọ̀tún àti òsì ju bọ́ọ̀lù. Ìdíje 36 ló borí ní 1884, nígbà tí gbogbo Toledo borí 46 tí wọ́n sì pàdánù 58. Walker ló ń hán púpọ̀ nínú bọ́ọ̀lù rẹ̀.

Nígbà tí Mullane dàgbà, ó fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́ fún ìwé ìròyìn ní 1919 pé nínú gbogbo ẹni tó bá òun ṣiṣẹ́, Walker ló mọ̀ ọ́n hán jù, ṣùgbọ́n òun kò fẹ́ràn èèyàn dúdú, nítorí náà ohun tó bá wu òun lòun ń jù láìwo àmì rẹ̀. Lọ́jọ́ kan Walker ṣe àmì fún èyí tó ń kọ́rọ́, Mullane ju èyí tó yára. Walker hán an. Ó rìn lọ bá a, ó sì sọ fún un pé òun á máa hán bọ́ọ̀lù rẹ̀ láìsí àmì, ṣùgbọ́n bí òun bá ti fún un ní àmì tó sì yí i padà, òun kò hán mọ́. Láti ọjọ́ yẹn títí ọdún fi parí, Mullane ní Walker ń hán gbogbo ohun tí òun bá jù láìmọ èyí tó ń bọ̀.

Ẹni tó ti ka ìdáhùn kejì àti ìkẹta á mọ ohun tí èyí túmọ̀ sí. Ahánbọ́ọ̀lù tó ń retí bọ́ọ̀lù tó ń kọ́rọ́ ti gbé ọwọ́ lọ sí ẹ̀gbẹ́, sísàlẹ̀. Bí èyí tó yára bá wá dé láti ẹsẹ̀ bàtà 50, àyè kò sí láti dá ọwọ́ padà. Àyà, ìka tàbí ọ̀fun ló máa gbà á. Bí a bá béèrè irú ẹni tí Walker jẹ́, ìtàn yìí la máa ń kọ́kọ́ sọ. Kò pariwo, kò jà, kò sì tẹ́.

Kí ló dé tí kò pẹ́ ní líìgì àgbà?

Àwọn kan máa ń sọ pé Anson ló lé e. Ìyẹn kì í ṣe ti ọdún 1884. Nínú oṣù Keje, bọ́ọ̀lù tí etí igi bà ṣẹ́ ọ̀kan nínú egungun ìhà rẹ̀, kò sì fi bẹ́ẹ̀ gbádùn mọ́ lẹ́yìn náà. Àsìkò yẹn ni Weldy wọlé, ó gbá ìdíje márùn-ún. Nígbà tó fi máa di ìparí oṣù Kẹsàn-án, Toledo ti tú Walker sílẹ̀. Lẹ́yìn ọdún náà Toledo fúnra rẹ̀ kógbá sílé: owó ti tán, líìgì náà sì dín ẹgbẹ́ rẹ̀ kù sí mẹ́jọ ní 1885. Egungun àti owó ló gbé e kúrò. Ẹ̀yà ló pa ilẹ̀kùn dé mọ́ ọn lẹ́yìn.

Lẹ́tà láti Richmond ńkọ́?

Ó wà bẹ́ẹ̀. Ẹgbẹ́ Washington túká láàárín ọdún 1884, wọ́n sì mú Richmond ti Virginia rọ́pò rẹ̀. Bó ṣe di pé Toledo máa lọ síbẹ̀ nìyẹn. Lẹ́tà kan dé ọwọ́ Morton nínú oṣù Kẹsàn-án pé àwọn ọkùnrin 75 ti búra láti ṣe Walker léṣe bó bá wọṣọ eré ní ìlú àwọn. Wọ́n fọwọ́ sí i. Ṣùgbọ́n Walker ti kúrò nínú ẹgbẹ́ kí wọ́n tó gbéra lọ.

Ìgbà wo gan-an ni wọ́n wá ti ilẹ̀kùn?

Ọjọ́ 14 oṣù Keje ọdún 1887 ni ẹ lè tọ́ka sí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ilẹ̀kùn náà kò tì lẹ́ẹ̀kan náà.

Walker wà ní Newark lọ́dún yẹn, ní International League, tó jẹ́ ipele kejì sí ti àgbà. Ẹni tó ń ju bọ́ọ̀lù sí i ni George Stovey, aláwọ̀ dúdú bíi tirẹ̀, tó borí ìdíje tó lé ní 30 lọ́dún kan ṣoṣo. Frank Grant náà wà ní Buffalo, ní igun kejì. Chicago wá bá Newark ṣe ìdíje ọ̀rẹ́ lọ́jọ́ 14 yẹn. Anson tún kọ̀, àti Stovey àti Walker kò gbá. Lọ́jọ́ kan náà ní Buffalo, àwọn aláṣẹ líìgì ń ṣèpàdé. Wọ́n dìbò 6 sí 4 pé kí wọ́n má ṣe fọwọ́ sí ìwé àdéhùn tuntun fún aláwọ̀ dúdú mọ́.

Ìwé àdéhùn tuntun ni wọ́n sọ. Àwọn tó ti wà níbẹ̀ lè máa bá a lọ, ìdí nìyẹn tí Walker fi ráyè lọ sí Syracuse Stars ní 1888, tí wọ́n sì gba ife líìgì náà. Oṣù Kẹjọ ọdún 1889 ni Syracuse tú u sílẹ̀. Aláwọ̀ dúdú mìíràn kò wọ líìgì yẹn mọ́ títí Robinson fi dé Montreal ní 1946.

Bí a bá ń sunkún, à máa ń ríran. Anson burú nínú ọ̀rọ̀ yìí, kò sí ẹni tó lè gbè é níbẹ̀. Ṣùgbọ́n Anson kò ní ìbò kankan ní Buffalo lọ́jọ́ náà. Àwọn tó ni ẹgbẹ́ ló dìbò, àwọn ẹni tí Walker àti Stovey ti ń pa owó géètì wá fún. Ní líìgì àgbà, a kò rí òfin tí wọ́n kọ sílẹ̀ pé kí aláwọ̀ dúdú má wọlé. Àdéhùn abẹ́lẹ̀ láàárín àwọn olówó ni, irú èyí tí kò ní ojú ìwé tí èèyàn lè ya.

Ṣé òun ni ẹni àkọ́kọ́ lóòótọ́?

Ó wà lọ́wọ́ bí ẹ bá ṣe béèrè rẹ̀. William Edward White gbá ìdíje kan ṣoṣo fún Providence ní ọjọ́ 21 oṣù Kẹfà ọdún 1879. Ẹrú ni ìyá rẹ̀ ní Georgia, ṣùgbọ́n àwọ̀ rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó sì ń gbé ayé bí òyìnbó. Ẹ̀yìn ọdún 2000 ni àwọn olùwádìí tó já a. Bud Fowler ti ń gbowó gbá bọ́ọ̀lù láti 1878, ṣùgbọ́n ní àwọn líìgì kékeré ni. Walker ni ẹni àkọ́kọ́ tí gbogbo èèyàn mọ̀ sí aláwọ̀ dúdú tó gbá ní líìgì àgbà. Bí a ṣe máa ń kọ ọ́ nìyẹn, a sì rọ̀ yín kí ẹ má gé gbólóhùn náà kù.

Wọ́n ní ó pa èèyàn. Ṣé òótọ́ ni?

Òótọ́ ni. Ní Syracuse, ọjọ́ 9 oṣù Kẹrin ọdún 1891, ó ń kọjá níwájú ilé ọtí kan, àwọn òyìnbó mélòó kan bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ sí i. Ọ̀rọ̀ di ìjà, òkúta ba Walker lórí, ó fa ọ̀bẹ yọ, ó gún ọ̀kan nínú wọn, onítọ̀hún sì kú. Wọ́n fi ẹ̀sùn ìpànìyàn kàn án. Nínú oṣù Kẹfà, àwọn júrì tó jẹ́ òyìnbó pátápátá gbà pé ó ń gbèjà ara rẹ̀, wọ́n dá a sílẹ̀, àwọn èrò inú kóòtù sì hó yèè.

Àwọn tó ń kọ nípa rẹ̀ lónìí máa ń fẹ́ fi èyí pamọ́, tàbí kí wọ́n fo ti 1898, nígbà tó ń to lẹ́tà nínú ọkọ̀ ojúirin, tí wọ́n ní ó jí nínú rẹ̀, tó sì lo ọdún kan lẹ́wọ̀n. Kí ni wọ́n ń fi pamọ́ sí? Ọkùnrin tó dákẹ́ níwájú Mullane ní 1884 àti ẹni tó fa ọ̀bẹ yọ ní 1891, ẹnì kan náà ni. Ọdún méje ló wà láàárín wọn.

Kí ló ń ṣe lẹ́yìn bọ́ọ̀lù?

Ọpọlọ rẹ̀ kò sinmi. Ní 1891 ó gba ìwé ẹ̀tọ́ lórí ọta àgbá tó ń bú. Ní 1902 òun àti Weldy ń gbé ìwé ìròyìn kan jáde tó ń jẹ́ The Equator. Láti 1904 ó ń ṣàkóso ilé eré ní Cadiz, Ohio, òun àti ìyàwó rẹ̀ kejì, Ednah. Arabella, ìyàwó rẹ̀ àkọ́kọ́ tó bí ọmọ mẹ́ta fún un, ti kú ní 1895. Ijó, eré orí ìtàgé àti sinimá ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀.

Ẹ̀rọ sinimá ló bí àwọn ìwé ẹ̀tọ́ mẹ́ta tó gbà ní 1920. Róòlù fíìmù ìgbà náà kì í pẹ́ tán, ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lè má pé. Bí ẹni tó ń yí ẹ̀rọ bá gbàgbé, tàbí tí ọwọ́ rẹ̀ kò yá níbi pípààrọ̀, ògiri á funfun báláú, àwọn òǹwòran á sì bẹ̀rẹ̀ ariwo. Walker, tó ni ilé eré, mọ ohun tí ìyẹn ń náni. Bí fífi róòlù sẹ́nu ẹ̀rọ àti pípààrọ̀ rẹ̀ á ṣe yá ló wá ojútùú sí.

Ṣé òótọ́ ni pé ó ní kí àwọn aláwọ̀ dúdú padà sí Afíríkà?

Bẹ́ẹ̀ ni, nínú ìwé pẹlẹbẹ olójú ewé 47 kan, Our Home Colony, tó tẹ̀ jáde ní Steubenville ní 1908. Ohun tó sọ níbẹ̀ ni pé ìjákulẹ̀ lásán ló ń dúró de aláwọ̀ dúdú ní Amẹ́ríkà, àti pé kí ẹ̀yà méjèèjì pínyà pátápátá nìkan ló lè yanjú rẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ kò kó lọ. Ẹni tó jókòó pẹ̀lú òyìnbó ní Oberlin, tó kọ́ òfin ní Michigan, tó tún fi ọwọ́ ara rẹ̀ hán bọ́ọ̀lù Mullane, òun ló parí ọ̀rọ̀ síbẹ̀. A kò fara mọ́ ìdájọ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n a mọ ọ̀nà tó gbà dé ibẹ̀.

Mo fẹ́ wo àkọsílẹ̀ rẹ̀ fúnra mi. Kí ni kí n ṣọ́ra fún?

Lórí Baseball-Reference, ìkànnì ayélujára tó ń kó àkọsílẹ̀ bésíbọ́ọ̀lù jọ, ẹ wá «Fleet Walker», ẹ má wá «Moses». Ẹ ṣọ́ra kí ẹ má mú ti Weldy dípò tirẹ̀: ìdíje 5, bọ́ọ̀lù 4 nínú 18, .222, ti àbúrò nìyẹn. Bí ẹ bá rí 1857 níbì kan gẹ́gẹ́ bí ọdún ìbí rẹ̀, 1856 ni ẹ máa lò. Bí ẹnì kan bá kọ ọ́ pé Anson kò gbá lọ́jọ́ 10 oṣù Kẹjọ ọdún 1883, ẹ wo èsì eré náà: 7 sí 6.

Ibojì rẹ̀ wà níbo?

Union Cemetery, ní Steubenville. Ó ju ọgọ́ta ọdún lọ tó fi wà níbẹ̀ láìní òkúta tó ní orúkọ rẹ̀ lára. Àwọn ará Oberlin ló wá gbé ọ̀kan síbẹ̀ ní nǹkan bíi 1990. Láti 2017, ọjọ́ 7 oṣù Kẹwàá ni Ohio fi ń ṣe ìrántí rẹ̀.